Mo Fẹ́ Irun Mi Padà

Mo fẹ́ irun mi padà. Mo sọ ọ́ báyìí nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, màá ní awọ orí ló ń yún mi. Òótọ́ ni, ó ń yún mi, ó sì máa ń ta mí lálẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé mi lọ gan-an ni pé mo fẹ́ kí irun tún bo àtàrí mi, kí n jókòó síwájú onídìrí, kó di ṣùkú fún mi, kí n sì jáde láìwé gèlè. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn kan á ní kò yẹ kí obìnrin tó ti bímọ, tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́, máa da ara rẹ̀ láàmú nítorí irun. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Bí orí ọkùnrin bá pá, àwọn èèyàn á ní àmì owó ni. Bó bá jẹ́ ti obìnrin, wọn ò ní sọ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ibi tí wíìgì ti pàdé iwájú orí ni wọ́n á máa wò.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ mi ò fi rí orí mi lásán. Mo máa ń wé ìborùn sùn, mo sì máa ń jí ṣáájú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ bá ní kí àwọn tó nílò àdúrà bọ́ síwájú, mi ò kì í jáde. Kì í ṣe pé mi ò ní ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀rù bíbà ni, torí wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí kí n tó kọ ọ́ síbí.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ fún mi ní òògùn làpálàpá, mo sì fi pa orí títí ó fi sú mi. Nígbà tó yá, dókítà awọ ara kan gé díẹ̀ lára awọ orí mi fún àyẹ̀wò, àbájáde rẹ̀ sì fi hàn pé nǹkan méjì ló ń ṣe mí. Ti ẹ̀bátí méjèèjì, irun dídì tó le àti àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo ló ń fa irun ibẹ̀ tu. Ti àtàrí ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní CCCA. Lára gbogbo àìsàn tó ń fi àpá pa irun, òun ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwa obìnrin adúláwọ̀. Awọ yóò máa gbóná yí gbòǹgbò irun ká lábẹ́lẹ̀ títí gbòǹgbò náà á fi kú, àpá á sì gba ipò rẹ̀. Láti àárín orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa tàn yíká. Níbi tí àpá bá ti dé, orí á máa dán, ihò tí irun ń gbà jáde á sì dí. Dókítà náà sọ fún mi lójúkojú pé kò sí òògùn tó lè jí irun tó ti kú báyẹn. Mo sunkún nínú mọ́tò nígbà tí mò ń padà sílé, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò tàn mí.

Láyé àtijọ́, irin gbígbóná tí a fi ń na irun ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Orúkọ irin náà gan-an ni wọ́n fi sọ àìsàn náà. Ní 2019, ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine tó fi hàn pé lára àwọn tó ní i, àwọn kan wà tí jíìnì wọn kan tó ń jẹ́ PADI3 ní àbùkù, jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí irun ṣe ń gba ìrísí. Àwọn oníwádìí ní Johns Hopkins náà rí i pé ìju inú ilé ọmọ, tí gbogbo wa mọ̀ sí fibroid, wọ́pọ̀ gan-an lára àwa tí a ní CCCA ju lára àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí kò ní i lọ. Nígbà tí mo kà á, mo pe ìyá mi. Àwa méjèèjì la ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìju. Àtàrí àwa méjèèjì ló ń dán.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston ni a jọ máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí jù, torí orí tòun náà ń pá. Ti ọkùnrin ni tirẹ̀: họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ DHT ló ń sọ irun rẹ̀ di tín-ín-rín. Finasteride ló ń lò. Òun ló sọ fún mi pé láti Dominican Republic ni èrò òògùn náà ti wá. Ní 1974, dókítà Julianne Imperato-McGinley kọ̀wé nípa àwọn ọmọ kan níbẹ̀ tí wọ́n rò pé obìnrin ni nígbà tí wọ́n bí wọn, tí nǹkan ọkùnrin wọn sì wá hàn nígbà tí wọ́n bàlágà. Ara wọn kò lè sọ testosterone di DHT bó ṣe yẹ, nígbà tí wọ́n sì dàgbà, orí wọn kò pá. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òògùn náà fún irun ní 1997. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àbúrò mi, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, torí òògùn náà lè dín agbára ìbálòpọ̀ kù, ó sì lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Láti 2024 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí káàdì ìkìlọ̀ máa bá a rìn. Fún èmi, kò sí àríyànjiyàn: mo ṣì lè lóyún, òògùn náà sì lè ṣe ọmọkùnrin inú oyún níjàm̀bá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe DHT ló ń pa irun mi.

Abẹ́rẹ́ steroid ni wọ́n ń gún mi yí etí ibi tó ń dán ká, kí àpá má baà tàn síwájú. Ó máa ń dùn mí débi pé mo máa ń di àga mú. Wọ́n fún mi ní òògùn doxycycline, wọ́n sì ní kí n máa fi minoxidil pa orí. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni minoxidil tẹ́lẹ̀. Irun tó ń hù lára àwọn tó ń gbé e mì ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di òògùn irun, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún ti ọkùnrin ní 1988. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, irun mi kọ́kọ́ ń já sí i, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìgò náà nù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, irun kéékèèké yọ ní ẹ̀bátí mi. Ó hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi náà, mo sì máa ń tilẹ̀kùn láti fá a. Tí mo bá dá minoxidil dúró, ohun tó mú wá á bá a lọ. Èyí ni mo rò pé ó le jù nínú ọ̀rọ̀ òògùn: kì í tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá dókítà tó ń gbin irun ní Èkó. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Dókítà Norman Orentreich ní New York ló kọ ọ́ jáde ní 1959 pé irun tí a bá hú nípàkọ́ gbìn sí iwájú orí yóò máa hù bó ṣe ń hù nípàkọ́. Òtítọ́ yìí ló ń gbé àwọn ọkùnrin lọ gbin irun ní Istanbul lójoojúmọ́. Tiwa ní ìṣòro tirẹ̀. Gbòǹgbò irun wa ti tẹ̀ láti abẹ́ awọ wá, dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irun tó nà lè gé e sí méjì kó tó hú u. Awọ wa tún tètè máa ń wú níbi tí abẹ bá ti kàn án. Àpá ibi tí wọ́n ti lu etí mi ṣì wà níbẹ̀ bíi kókó. Àwọn ilé ìtọ́jú kan ti gbé iye owó lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó wo orí mi rárá. Dókítà Èkó yìí fi ẹ̀rọ wo àtàrí mi, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àìsàn náà kò bá tíì sùn fún ọdún kan ó kéré tán. A kì í kó àga tuntun wọ ilé tí iná ṣì ń jó. Bí iná náà bá tilẹ̀ kú, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa nínú àpá, irun tí a bá gbìn síbẹ̀ lè má dúró. Ẹ̀bátí ló ní a lè ṣe.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fabẹ kàn yín. Ẹ dúró de irun tí wọ́n ń hù nínú ilé ìwádìí.” Kò purọ́. Ní 1999, Colin Jahoda àti Amanda Reynolds, tọkọtaya onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì Durham, mú sẹ́ẹ̀lì ìdí irun láti orí ọkọ sí apá ìyàwó, irun sì hù níbẹ̀. Ohun tó ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni pé tí wọ́n bá tẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà sínú àwo kó lè pọ̀, kì í lè hu irun mọ́. Ní 2013, Jahoda, Claire Higgins àti Angela Christiano ti yunifásítì Columbia jẹ́ kó ṣù jọ nínú ẹ̀kán omi tó so rọ̀, wọ́n sì fi í sínú awọ èèyàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara eku. Nínú ìgbìyànjú méje, irun hù nínú márùn-ún. Ní 2020, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Karl Koehler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hu awọ onírun láti ara sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì sí ilé ìwòsàn tí ìjọba fún láṣẹ láti fi irú irun bẹ́ẹ̀ tọ́jú aláìsàn.

Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀, mo sì ń gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìṣòro àbúrò mi ni pé irun ìpàkọ́ rẹ̀ níye, kò lè tó fún gbogbo orí. Irun ilé ìwádìí á yanjú ìyẹn fún un pátápátá. Tèmi kì í ṣe àìtó irun. Ìpàkọ́ mi kún dáadáa. Àìsàn tó wà nínú awọ ló pa irun àkọ́kọ́, yóò sì pa irun tuntun, ì báà jẹ́ ìpàkọ́ ni wọ́n ti hú u, ì báà jẹ́ inú àwo ni wọ́n ti hù ú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Nítorí náà mo ń gba abẹ́rẹ́ mi, mo ń lo minoxidil mi, mo sì ti bá dókítà Èkó ṣàdéhùn: tí àtàrí mi bá sùn fún ọdún kan, á gbin ẹ̀bátí mi, á sì fi irun díẹ̀ dán inú àpá wò. Mo ti fi orí mi han ọkọ mi. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń dá gbé e.

Ọmọbìnrin mi, tó lè jogún àìsàn yìí lọ́wọ́ èmi àti ìyá mi, ló jẹ́ kí n ṣì máa ka ìròyìn tí àbúrò mi ń fi ránṣẹ́. Bí àwọn onímọ̀ náà bá dé, tí wọ́n ní irun ti wà, ìbéèrè mi ti wà nílẹ̀: ṣé ẹ ti gbìn ín sórí obìnrin aláwọ̀ dúdú? Ṣé irun tó ká bíi tiwa ni? Ṣé inú àpá lẹ gbìn ín sí, ọdún mélòó ló sì ti lò níbẹ̀?