Kí O Tó Gun Òkè Òyìnbó

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Bélú.

Àjàní mi ọ̀wọ́n,

Ara Màámi ti yá, wọ́n ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù, pé o fẹ́ gun òkè ní Scotland, kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti wádìí rẹ̀: òkè tó ga ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní Scotland jẹ́ 282, Munro ni wọ́n ń pè wọ́n. Ben Nevis tó ga jù tó mítà 1,345. Ìwọ tó jẹ́ pé ilé ìṣọ́ Bówà ní Òkè Ààrẹ nìkan lo gùn rí! Jọ̀ọ́, bí o bá wálé lóṣù Ọ̀pẹ, jẹ́ ká kọ́kọ́ gun òkè Adó-Àwáyè.

Wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Mọ́níyà ló ń dúró sí, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè. Èmi á wá pàdé rẹ. Lọ́jọ́ kejì, tí o bá ti sinmi, a ó gbéra ní ìdájí. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn tí a ó gbà lọ sí Adó-Àwáyè gba Ìjàyè kọjá, ìlú Kúrunmí tí ogun Ìbàdàn tú ní 1862.

Ìdájí yẹn ṣe pàtàkì. Lọ́dọ̀ yín, òtútù àti ìkùukùu ló ń dá èèyàn lágara lórí òkè. Tiwa, oòrùn ni. Kó tó di ọ̀sán, àpáta yẹn á ti gbóná bí agbada aláàkàrà. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ó ń yọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi yan ìgbà ọyẹ́. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àpáta lásán ni. Mú kánfáàsì tí ìdí rẹ̀ ò tíì dán wá. Píọ̀ wọ́tà àti mọ́ínmọ́ín wà lọ́wọ́ mi. A ó sì gba ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà.

Orí òkè ni adágún Ìyákẹ wà, Àjàní, omi lórí àpáta! Àwọn ará Adó ní kì í gbẹ, kò sì nísàlẹ̀, wọ́n ní irú rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ o. Òkúta Ìṣàgẹ̀ náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń bọ bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé, gẹ́gẹ́ bí ìtàn wọn, orí òkè yẹn gan-an ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n dáná níbẹ̀, ọ̀tá ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ kí o fojú ara rẹ rí i kí o tó lọ gun ti ẹlòmíì.

Bí a bá ń bọ̀, a ó yà ní Ìsẹ́yìn wo aṣọ òfì fún Màámi.

Máa fẹsẹ̀ rìn lálaalẹ́ láti ìsinsìnyí, kí orúnkún rẹ lè le. Fi ọjọ́ tí wàá dé ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí, kí n lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdùkẹ́.