Ládípọ̀: Kí A Tó Dá Gíà Lẹ́bi

Ẹni tó bá gba títì márosẹ̀ Apapa sí Oshodi, tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Toyota, kò ní pẹ́ mọ̀ pé òun ti dé Ládípọ̀. Agbègbè Mushin ní Èkó ni ọjà náà wà, ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tò sílẹ̀, ilẹ̀kùn ọkọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, epo dúdú ti mu ilẹ̀ yó. Yorùbá àti Igbo jọ ń nájà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a sì máa gbé gíà tòkunbọ̀ léjìká kọjá bí ẹni gbé àpò gàrí.

Ọ̀pọ̀ ìdílé àti ìjọ ló ń wá gíà bọ́ọ̀sì wọn lọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn, owó ilé-ìwé ọmọ ni wọ́n fi rà á. Ìyẹn ló jẹ́ kó dunni bí mẹkáníìkì bá dè é tán, tí gíà kò wọlé. Mẹkáníìkì a ní òkú gíà ni wọ́n tà; òǹtajà a ní mẹkáníìkì kò mọṣẹ́. Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì ra òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, gíà kọ́ ló jẹ̀bi, ohun tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì ni.

Ẹ dán an wò báyìí. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì yí gíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá wọlé rárá, ẹ kọ́kọ́ wo wáyà tàbí irin tó ti ọwọ́ gíà lọ sísàlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọn kò so ó bó ti yẹ. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí gíà bá wá kọ̀, tàbí tí gíà ẹ̀yìn ń ké gìrìrì, kílọ́ọ̀ṣì ni kò tú sílẹ̀ dáadáa. Afẹ́fẹ́ lè wà nínú páìpù òróró rẹ̀, òróró lè máa jò, tàbí kí wáyà rẹ̀ dẹ̀. Bí ìwọ̀nyí bá dára, ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ ẹ̀yìn àwo kílọ́ọ̀ṣì síwájú. A kò lè rí ìyẹn àyàfi bí a bá tún gíà sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má gbà kí mẹkáníìkì fi bóòtì fa gíà tí kò tíì jókòó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Àwo lè tẹ̀, ara gíà sì lè là. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Kí wọ́n fi irin tó lágbára gbé e ró. Kí wọ́n sì rọ òróró gíà tó bá ọkọ̀ náà mu, kó tó rìn.

Ẹni tó ń lọ sọ́jà, ẹ gbé gíà àtijọ́ dání. Ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ẹ wo gígùn irin ẹnu rẹ̀, ẹ ka eyín orí rẹ̀, ẹ wo ojú ihò bóòtì. Ẹ gba ìwé owó, kí ẹ sì béèrè iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.