Ọjọ́ Kan ní Dundee

Nígbà ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, èmi àti ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dundee ní Scotland. A kò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti fa ìwé àwòrán rẹ̀ ya, nítorí ó ń yàwòrán dípò kó ṣe ìṣirò.

Ìlú yìí ni ilé iṣẹ́ DC Thomson ti ń ṣe ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀ àwọn ọmọdé: The Dandy láti 1937, tí wọ́n dá títẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dúró ní 2012, àti The Beano láti 1938. Ère Desperate Dan, alágbára onípáì màlúù, wà láàárín ìgboro.

Dudley Watkins ló kọ́kọ́ ya Dan. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí àwọn ayàwòrán kọ orúkọ sábẹ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n gba òun láyè. Ní 1969, ìdí tábìlì àwòrán rẹ̀ ni ikú bá a.

Ọmọ mi jókòó, ó ń ya ère náà sẹ́yìn rìsíìtì. Mo rántí Besaleli, ẹni tí Olúwa fi ẹ̀mí kún fún iṣẹ́ ọnà.

Mo ní, “Àkànní, má bínú. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni mo fà ya.”

Ó ní, “Ó ti tán, Mọ́mì.”

Ẹ̀yin òbí, a ṣe ìṣirò náà nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó fa ìwé ọmọ ya, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀.