Àlejò Inú Ìkarahun

Bí adìẹ bá dé ìlú tuntun, ẹsẹ̀ kan ni í fi í dúró. Ìgbín kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Bí ó bá dé ibi tí kò mọ̀, inú ilé tí ó gbé rù ni í wọ̀ lọ, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹni tí ó bá ní adìẹ ni ó ṣòro jù láti mú mọ́lé, olúwarẹ̀ kò tíì fi ìgbín ṣe ọ̀sìn rí ni.

Ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó láyé àtijọ́, ta ni í fi ìgbín ṣe ọ̀sìn? Inú igbó ni wọ́n ti í ṣà á. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tán, tí ilẹ̀ sì ṣú, àwọn obìnrin àti ọmọdé a gbé fìtílà, wọn a gbé agbọ̀n, wọn a gba ọ̀nà oko lọ. Kọ̀nkọ̀ yóò máa ké ní àkùrọ̀, àkèré yóò máa dá a lóhùn, ìgbín yóò sì máa wọ́ jáde ní tirẹ̀ láìfọhùn. Ṣùgbọ́n igbó kò rí bí ó ti rí mọ́. Àríwá Èkìtì ni ẹgàn ti ń parí tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti mú koríko gbẹ, iná ọdẹ àti iná àgbẹ̀ a máa jó wọ inú igbó lọ. Ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè sá fún iná, ẹyẹ lè fò, ìgbín ńkọ́? Ibi tí iná kò sì dé, oògùn apakoríko ti dé ibẹ̀.

Opó kan wà ní Ìkọ̀lé tí ó fi ìgbín títà tọ́ ọmọ. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ó lè rin igbó mọ́, ó ní ìgbín ni yóò wá bá òun nílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ra ogún, àwọn tí ó tó ìkúùkù àgbàlagbà. Owó tí ó fi rà wọ́n kì í ṣe owó ìṣeré. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, inú owó tí ìyá náà sì ń tù jọ fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá ọmọ yìí ni ó ti yọ ọ́. Bí ìgbín bá kú, ìdánwò wọ ewu.

Mẹ́ta mẹ́ta ni ó to ògbólógbòó táyà ọkọ̀ lé ara wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Ó da ilẹ̀ dúdú tí ó rọ̀ sí i, ó po yanrìn díẹ̀ mọ́ ọn. Amọ̀ kò dára, nítorí pé omi a máa dá sórí rẹ̀, ẹyin a sì máa rà nínú rẹ̀. Ó kó ewé gbígbẹ lé e, ó na àwọ̀n bo ẹnu táyà, ó sì da eérú yí ìdí rẹ̀ ká nítorí ìjàlọ. Ìgbín nìkan kọ́ ni ebi ń pa lóru.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ewé ìbẹ́pẹ tí ọmọbìnrin náà já wá kò dín. Ọjọ́ kejì, bákan náà.

“Ìyá àgbà, wọn kò jẹun o. Ẹ jẹ́ kí n fi igi fà wọ́n jáde.”

“Má fọwọ́ kàn wọ́n, ọkọ mi. Ṣé ìwọ náà yóò jẹun nílé onílé kí o tó mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà?”

Ohun tí ìyá náà ń ṣe kò ju pé kí ó wọ́n omi díẹ̀ sórí ewé ní ìrọ̀lẹ́, kí ó kó oúnjẹ àná kúrò ní òwúrọ̀ kí ó má baà rà kí eṣinṣin sì kó bò ó, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé fífi ǹkan sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́. Ní òru ọjọ́ kẹta, wọ́n gbọ́ ìró kan lábẹ́ àwọ̀n, bí ìgbà tí eku bá ń ha páálí díẹ̀díẹ̀. Ìgbín ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ.

Ó ku mẹ́rin tí kò jáde. Ọmọbìnrin náà ti kà wọ́n mọ́ òkú, omijé sì ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà gbé wọn sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkú ìgbín a máa rùn. Èyí tí ó fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun, tí kò sì rùn, oorun ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ń sùn. Ó gbé wọn sínú àwo tí omi inú rẹ̀ kò ju kí ó kan ẹnu ìkarahun lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mẹ́ta ti na ìwo. Ẹ̀kẹrin kú ní tòótọ́. Wọ́n gún ìkarahun rẹ̀ kúnná, wọ́n sì bù ú fún àwọn tí ó kù, nítorí pé ìkarahun kì í le láìsí irú ẹfun bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń jẹ ewé kókò, gbúre, ìbẹ́pẹ pípọ́n àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń rí èèpo ẹyin adìẹ tí a lọ̀. Ewé tí wọ́n bá já létí oko tí a fín oògùn sí, ìyá náà kì í gbà á. Iyọ̀ ni èèwọ̀ tí ó ga jù, nítorí pé ṣe ni í fa omi ara ìgbín gbẹ. A kì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ Ọbàtálá, bẹ́ẹ̀ ni ìgbín sì ni oúnjẹ tí òrìṣà náà fẹ́ràn jù. Bóyá àwọn tí ó dá èèwọ̀ náà sílẹ̀ ti wo ìgbín dáradára.

Ní ìlú Òyìnbó, ọ̀tọ̀ ni ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọdé a máa sin ìgbín Áfíríkà nínú àpótí oníjígí, láti máa wò ó lásán! Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí i lọ́hùn-ún, omi ọbẹ̀ ni yóò máa rò. Àmọ́ ìṣeré náà a máa di ẹjọ́ nígbà mìíràn. Ní ọdún 1966, ọmọdékùnrin kan kó ìgbín mẹ́ta, irú ti ìlà-oòrùn Áfíríkà, láti Hawaii wá sí Miami ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ àgbà sì tú wọn sínú ọgbà. Láàárín ọdún méje, wọ́n ti ju 18,000 lọ, nǹkan bí mílíọ̀nù kan dọ́là ni ìjọba sì ná kí ó tó rí wọn pa run.

Ti Ìkọ̀lé kì í bí tó bẹ́ẹ̀. Archachatina marginata ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹyin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi, wọ́n a sì máa pa ní nǹkan bí oṣù kan. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní ọdún 2011 ní ọgbà kan ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìyá yìí kò dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí ó rí ìgbín kan tí ó ki orí bọ ilẹ̀ láti àárọ̀, ó ti mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọmọbìnrin náà wa ilẹ̀ náà pẹ̀lú ìka kan: ẹyin méje. Ó bò wọ́n padà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìgbín wọ́n lọ́jà, owó rẹ̀ sì lọ sókè. Àkókò owó ìdánwò náà ni. Alájàpá kan wá láti Ìdó, ó fẹ́ kó gbogbo wọn. Mọ́kànlá ni ìyá náà kà fún un nínú àwọn ńlá. Owó ìdánwò pé. Alájàpá náà tún na ọwọ́ sí mẹ́jọ tí ó kù pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò ju èékánná lọ, ó ń fi owó kún owó. Ìyá àgbà fa àwọ̀n bò wọ́n. Ó ní kí ó má bínú, àwọn wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọlé ni.