Bi Í Pé Ta Ló Rán An

Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Oṣù Kẹwàá, 2025.

Kọ́ládé ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èmi àti ìyá rẹ la jọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sì tún dá a gbọ́ nígbà tó ti sùn. Ǹ bá pè ọ́ padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ lórí fóònù nígbà tí àwọn kọ̀ǹdọ́ ń pe Kétu àti Ṣágámù létí ẹni. Ìwé ló yẹ ẹ́.

O ní ìwọ àti Bísí ti ń lọ gbọ́ Mísà Látìnì ní yàrá òkè kan lẹ́yìn Gáréèjì Ìkòròdú. O ní Fàdá tó wà níbẹ̀ máa ń kọjú sí pẹpẹ bíi ti ayé àtijọ́, pé ibẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó ń ta òróró àdúrà, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ àwọn tó dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta kí ojú lè ti àwọn tó kù. O ní ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ ti balẹ̀ tó báyìí. Títí débẹ̀, inú mi dùn. Ẹ̀yìn náà lo wá sọ pé òun ni ẹ fẹ́ kó so yín pọ̀ ní oṣù Kìíní, pé ó ti gbà, pé kò béèrè ìwé ìrìbọmi lọ́wọ́ yín, kò sọ̀rọ̀ kíláàsì ìgbéyàwó, kò sì sí ìkéde kankan. Ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi.

Jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí o má bàa rò pé bàbá rẹ fẹ́ bá Látìnì jà. Mo ti ń sìn nídìí pẹpẹ kí Ìwé Mísà tuntun tó dé ní 1969. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá Fàdá lóhùn láti ẹsẹ̀ pẹpẹ, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń lu agogo kékeré, mo mọ òórùn tùràrí tó máa ń wà lára aṣọ mi títí di ọjọ́ Ajé. Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ Pater Noster, ìyẹn Bàbá Wa ní Látìnì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Mísà Yorùbá wọlé pẹ̀lú ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo rí màmá yìí tó ń mi orí bí wọ́n ṣe ń ka Ìhìnrere, torí ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà. Mo yọ̀. Mo sì tún rí àwọn àgbà mìíràn tó sunkún pé wọ́n ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn. N kò lè sọ títí dòní pé àwọn tó sunkún kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo tún mọ ohun tó lé ọ kúrò nínú ìjọ tó o wà tẹ́lẹ̀. Ìdáwó lórí ìdáwó, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí owó ń wọlé sí. Nígbà tó o béèrè, wọ́n ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ wà lára rẹ. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́tọ̀ọ́ láti wá Fàdá tó ṣeé fọkàn tán. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó o wá a dójú àmì. O ti wo bó ṣe ń ka Mísà. O ò tíì bi í pé ta ló rán an.

Nǹkan méjì ló wà lára Fàdá. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ katikísìmù nìyí kí a tó bí ọ. Àkọ́kọ́ ni agbára tó gbà lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí. Ìyẹn kì í kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí ayé. Èkejì ni àṣẹ láti lo agbára náà níbi báyìí, láàrin àwọn èèyàn báyìí. Bíṣọ́ọ̀bù ló ń fúnni ní ìyẹn, ó sì lè gbà á padà. Mísà tí Fàdá tòótọ́ bá kà láìgba àṣẹ, Mísà ni, ṣùgbọ́n ó rú òfin. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìgbéyàwó kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí àṣẹ, ìdáríjì tó kà sí ọ lórí kò múlẹ̀, àyàfi bí èèyàn bá wà lẹ́nu ikú, torí nígbà náà Ìjọ yọ̀ǹda fún Fàdá èyíkéyìí, títí kan ẹni tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní ti ìgbéyàwó, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, tàbí Fàdá tó ń bójú tó ìjọ náà, tàbí ẹni tí wọ́n bá fún láṣẹ, ló gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ́ yín níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó wọ aṣọ òkè, ẹ ó jẹ ìrẹsì, ẹ ó ya fọ́tò, ìgbéyàwó kò sì tíì ṣẹlẹ̀ lójú Ìjọ Àgùdà. Ọmọbìnrin ọlọ́mọbìnrin ni Bísí. N kò fẹ́ kó o fi í sí irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tó ń gbé ní Gáréèjì, o mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ tó dúró sẹ́yìn odi, tí kò sí nínú ìlà, lè mọ́ ju àwọn tó wà nínú ìlà lọ. Awakọ̀ rẹ̀ lè níwà, ó sì lè gbé ọ dé Máìlì 12 láìséwu. Ṣùgbọ́n bí ẹrù rẹ bá sọnù nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta lo máa lọ?

Àwọn kan máa sọ fún ọ pé gbogbo ẹni tó bá di Mísà àtijọ́ mú ti jáde kúrò nínú Ìjọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kan ilẹ̀ adúláwọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀ lọ. Gabon ni Fàdá Marcel Lefebvre ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere ní 1932, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Dakar ní 1955. Òun ló gbọ́wọ́ lé Hyacinthe Thiandoum lórí ní 1949, ọmọ Senegal tó wá gba ipò rẹ̀ ní Dakar ní 1962, tó sì di Kádínà nígbà tó yá. Lẹ́yìn Ìpàdé Vatican Kejì, Lefebvre dá ẹgbẹ́ SSPX sílẹ̀ ní 1970, kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn Fàdá bíi ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ wá le láàrin òun àti Rome. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1988, ó fi àwọn mẹ́rin jẹ bíṣọ́ọ̀bù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Póòpù John Paul Kejì, Rome sì kéde pé òun àti àwọn mẹ́rin náà ti ti ara wọn sóde. Thiandoum gbìyànjú láti bá wọn làjà. Ó fẹ́ràn ẹni tó fi í jẹ Fàdá, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé e jáde. Èmi a máa ronú nípa ọkùnrin yẹn dáadáa.

Àwọn Fàdá kan nínú SSPX náà kò fara mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kúrò, wọ́n dá ẹgbẹ́ FSSP sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Rome sì tẹ́wọ́ gbà wọ́n. Mísà àtijọ́ kan náà ni wọ́n ń kà, pẹ̀lú àṣẹ. Wọ́n wà ní Nàìjíríà níbí, ní dáyósíìsì Orlu ní Ìpínlẹ̀ Imo. Àwọn SSPX fúnra wọn, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún mú ìjìyà kúrò lórí bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 2009, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò tíì bófin mu. Póòpù Francis fún àwọn Fàdá wọn láṣẹ láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ ní 2015. Nígbà tó di 2017, ó ní àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibi kọ̀ọ̀kan lè fúnni láṣẹ kí ìgbéyàwó àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn lè múlẹ̀. Kíyè sí i dáadáa: àwọn tí gbogbo ayé mọ orúkọ wọn náà, ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ni ìgbéyàwó wọn ń gbà kọjá. Ti ọkùnrin tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá ńkọ́?

Mo mọ̀ pé o máa ní bíṣọ́ọ̀bù ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn rí Mísà náà gbọ́. Ní 2007, Benedict yọ̀ǹda kí Fàdá èyíkéyìí lè kà á. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje 2021, Francis dá a padà sọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí Fàdá tuntun tó bá fẹ́ máa kà á tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, kí bíṣọ́ọ̀bù sì kọ́kọ́ bi Rome kó tó fún un. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ohun tó dunni kò sọ àṣẹ di òfo.

Ní ti àwọn tó ní àga Peteru, ìyẹn ipò Póòpù, ti ṣófo láti ìgbà tí Póòpù Pius Kejìlá ti kú ní 1958, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Bí ọkùnrin yìí bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, má jókòó níbẹ̀ mọ́.

Bó o ṣe máa mọ̀ nìyí. Nínú Mísà, ibì kan wà tí Fàdá ti ń dárúkọ Póòpù àti bíṣọ́ọ̀bù ibi tó wà. Nínú Mísà àtijọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń ka ibẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ kò lè gbọ́. Bi í pé orúkọ ta ló ń pè níbẹ̀. Ní Ìkòròdú, Leo àti Alfred ló yẹ kó jẹ́: Póòpù Leo Kẹrìnlá, àti Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Alfred Adéwálé Martins ti Èkó. Ẹni tí kò bá lè pe orúkọ méjì yẹn lórí pẹpẹ, kí ló ń fi pẹpẹ náà ṣe?

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ká mi lára, Pàá Antonio ni mo máa ń rántí. Ẹrú tó gba òmìnira ni. Ó ti Brazil dé Èkó nígbà tí kò sí Fàdá kankan tó ń gbé ìlú náà. Àwọn Àgùdà tó ti òkè òkun padà wálé wà níbẹ̀, wọ́n ní ìgbàgbọ́, wọn kò ní olùṣọ́. Ó kó wọn jọ sínú ilé àdúrà kékeré. Ó ń kọ́ wọn ní katikísìmù, ó ń darí àdúrà, ó ń ri ọmọ bọmi, ó ń sin òkú. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé Padre ni wọ́n ń pè é. Bó bá wọ aṣọ Mísà lọ́jọ́ kan tó gbé ife sókè, ta ni ì bá mú un? Kò ṣe é. Nígbà tí Fàdá Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ SMA dé láti Ouidah ní 1863, ìjọ tó ń retí ló bá. Ó tún di 1868 kí Fàdá Pierre Bouche tó wá jókòó tì wọ́n, Pàá Antonio sì fa àwọn èèyàn náà lé àwọn Fàdá lọ́wọ́. Kọ́ládé, ebi Mísà tó ń pa ọ́ yìí pa àwọn náà, ó sì pa wọ́n pẹ́. Wọ́n dúró de ẹni tí wọ́n rán.

Ẹni tí wọ́n rán kì í sì í fi gbogbo ìgbà tẹ́ wa lọ́rùn. Ní oṣù Kejìlá 2012, Benedict yan Peter Okpaleke ní bíṣọ́ọ̀bù Ahiara ní Ìpínlẹ̀ Imo. Àwọn Fàdá àti ọmọ ìjọ ibẹ̀ kọ̀ ọ́ torí kì í ṣe ọmọ Mbaise, agbègbè tiwọn, débi pé ẹ̀yìn odi dáyósíìsì rẹ̀ ni wọ́n ti fi í jẹ ní 2013. Ní 2017, Francis ní kí Fàdá ibẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí òun láàrin ọjọ́ 30 láti tọrọ ìdáríjì. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn kò ṣí. Okpaleke ló kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 2018. Wọ́n rán an sí Ekwulobia ní 2020, ó di Kádínà ní 2022. Ní gbogbo ọdún tí wọn kò jẹ́ kó wọlé, kò lọ gba yàrá òkè kan kó máa kó èèyàn jọ síbẹ̀. Bó o bá ń wá Fàdá tó ṣeé fọkàn tán, wo ohun tó ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró. Èyí ju aṣọ tó wọ̀ lọ.

Nítorí náà, lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, fi ọ̀wọ̀ sún mọ́ ọn. Ní: Ẹ jọ̀ọ́ Fàdá, bíṣọ́ọ̀bù wo ló gbọ́wọ́ lé yín lórí, níbo, lọ́dún wo? Dáyósíìsì wo tàbí ẹgbẹ́ wo lẹ wà? Ṣé Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà mọ̀ pé ẹ ń ka Mísà ní Ìkòròdú? Fàdá tó bá kúrò níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n máa ń mú ìwé ẹ̀rí bíṣọ́ọ̀bù tàbí olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Celebret ni wọ́n ń pè é. Fàdá gidi kì í bínú tí wọ́n bá béèrè rẹ̀, torí àwa ni wọ́n ṣe ìwé náà fún. Bó bá dáhùn, kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kó o mú un lọ sí ọ́fíìsì dáyósíìsì, wọn á bá ọ wádìí. Bó bá bínú, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí mo ṣe ń fura, má rò pé Látìnì ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Òfin Ìjọ gbà kí Fàdá ka Ìwé Mísà ti ìsinsìnyí ní Látìnì. Ẹ lọ bá Fàdá ìjọ tó wà ládùúgbò yín, ẹ mú ìwé ìrìbọmi yín dání, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn akọrin kọ Missa de Angelis. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ̀ ọ́n lórí. Bí kíláàsì àti ìkéde bá máa sún ọjọ́ náà kọjá oṣù Kìíní, ẹ jẹ́ kó sún. Màá bá àwọn àna wa sọ̀rọ̀, ìyá rẹ sì ti ní òun á fi aṣọ ẹbí pa mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá mú ìwé rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì jẹ́rìí rẹ̀ ní dáyósíìsì, pè mí. Màá wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé e, màá gun àtẹ̀gùn yẹn bí orúnkún mi ṣe rí yìí, màá sì bá a sìn nídìí pẹpẹ bó bá gbà mí láyè.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.