Kí Ni Wọ́n Fi Àgbá Náà Gbé?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí oòrùn ti ń ràn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwa tí a wà ní Minnesota. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Ilẹ̀ yìí náà ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí èmi àti òtútù rẹ̀ ti jọ ń bá a yí.

Ilé pákó kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé mi, níbi tí èmi àti ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kò sí ohun tó ń mú un móoru. Kòkòrò kan tó ń jẹ igi ash, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìpínlẹ̀ wa ní 2009, ti pa igi mẹ́ta nínú ọgbà mi. Mo gé wọn, mo là wọ́n, mo tò wọ́n jọ kí wọ́n gbẹ. Igi ìdáná ti wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ààrò ló kù. Àwọn ará ibí máa ń fi àgbá irin ṣe é, èyí tó ń gba gálọ́ọ̀nù 55, bíi lítà 208. Wọn á dá a dùbúlẹ̀, wọn á fi ilẹ̀kùn irin sí i lójú, wọn á sì fi páìpù èéfín sí i lẹ́yìn. Mo ra àgbá búlúù kan ní dọ́là 15 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó kó àgbá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. N kò bi í ní ìbéèrè kankan àfi iye tó máa gbà gbẹ̀yìn.

Ọ̀dà búlúù náà kò ṣe é fi sílẹ̀, nítorí ọ̀dà lásán kò lè dúró lára irin tó gbóná tó ti ààrò. Ibi tí mo ti hùwà òmùgọ̀ nìyí. Mo so búrọ́ọ̀ṣì onírin mọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń lu igi níhò, mo sì ń ha ọ̀dà náà nínú ilé pákó láì bo imú. Nígbà tí mo ṣe é dé ìdajì, ó rẹ̀ mí. Mo ní iná á bá mi jẹ èyí tó kù. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo dáná sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ilé sì wà ní títì nítorí òtútù.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Kì í ṣe ẹnu páìpù ló ti ń jáde o, ara àgbá fúnra rẹ̀ ni. Ó ń ta ni lọ́fun bí ata. Ọmọ mi wúkọ́ títí, ó ní, "Dádì, orí ń fọ́ mi." Mo gbé e sáré jáde sínú yìnyín. Ìyàwó mi pe àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé. Wọ́n ní kí a jẹ́ kó máa mí afẹ́fẹ́ ìta, kí a máa ṣọ́ ọ, kí a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn bí mímí rẹ̀ bá yí padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń béèrè oúnjẹ. Èmi ni n kò lè jẹun. Ìyàwó mi kò bínú. Ó kàn ń wò mí. Ì bá sàn kó bínú.

Ní ọjọ́ kejì mo pe màmá mi ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni wọ́n fi tọ́ wa. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń yan ẹja lórí àgbá tí wọ́n gé sí méjì, tí wọ́n ń tà á lọ́jà Olúwo. Mo rò pé wọn á bá mi kẹ́dùn ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Àkànmú, kí ni wọ́n fi àgbá náà gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

Mo dákẹ́. N kò mọ̀.

"Ìwọ tó o kàwé!" Màmá kò ra àgbá rí láì ki orí bọ inú rẹ̀ kí wọ́n gbóòórùn. Bí ẹni tó ń tà á bá ń kólòlò, wọn á gba ibòmíràn lọ. Èyí tí wọ́n fi gbé òróró ni wọ́n máa ń rà. Wọn á fi imọ̀ ọ̀pẹ sun ún ní gbangba, jìnnà sí ènìyàn, wọn á fi iyanrìn fọ̀ ọ́, wọn kò sì ní gbé ẹja lé e títí wọn á fi dáná òfìfo sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú tì mí. Bí oníbàárà bá gbé ìwé owó rẹ̀ wá, iye tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè: níbo ló ti wá? Èmi tí kì í gba dọ́là kan wọlé láì mọ orírun rẹ̀ ni mo gba odidi àgbá wọlé, tí mo dáná sí i níwájú ọmọ mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ọ̀dà ara àgbá àtijọ́ lè ní òjé nínú; bí a bá ha á ní gbígbẹ, ekuru rẹ̀ là ń fà símú. Inú àgbá mìíràn tún ní ọ̀dà tirẹ̀. Àgbá tí wọ́n fi síńkì bò kò yẹ fún iná rárá, nítorí èéfín síńkì máa ń dá ibà síni lára. Èyí tó ti gbé bẹntiróòlù tàbí kẹ́míkà rí lè bú gbàù bí a bá fi iná gé e, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà náà kò ṣe é fojú kéré: methylene chloride ti pa àwọn tó lò ó nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi fòfin de títà á fún ará ilé fún bíbó ọ̀dà ní 2019.

Mo fẹ́ sun ọ̀dà níta bíi ti màmá, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ panápaná tí mo bi ní kò sí àyè bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Mo gbé àgbá búlúù lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìdọ̀tí olóró. Mo ra òmíràn tó ní ìdérí tó ń ṣí, tí ìwé ara rẹ̀ fi hàn pé oyin ni wọ́n fi gbé. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn lu irin. Dọ́là 60 ni wọ́n gbà, kò sì tó wákàtí kan tí inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fi mọ́ gaara. Irin tó wà níhòòhò kì í pẹ́ dípẹtà, nítorí náà mo kùn ún lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọ̀dà dúdú tí wọ́n ṣe fún ààrò. Ọ̀dà yìí náà máa ń rú èéfín nígbà àkọ́kọ́, mo sì dáná kékeré sí i lẹ́ẹ̀mẹta níta kó lè gan. Ẹ̀yìn náà ni mo tó gbé e wọlé, tí mo da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí mo fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí àárín òun àti ògiri, tí mo sì gbé ẹ̀rọ kọ́ tó máa ń ké bí carbon monoxide bá wà, nítorí atẹ́gùn ikú yẹn kò lóòórùn. Mo tún sọ fún iléeṣẹ́ adójútòfò kí n tó ṣáná.

Bí mo bá ro owó rẹ̀ pọ̀, ààrò yìí kò dín owó kankan kù fún mi. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ mi wà níbẹ̀, a bọ́ ẹ̀wù òtútù, a ń tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó mú agolo kan tí aládùúgbò wa fún un láti fi kó ìṣó sí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Dádì, kí ló wà nínú èyí tẹ́lẹ̀?"

Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ààrò yìí, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fowó wa ra àbámọ̀ o.