Bọ́ọ̀lù Ńlá Inú Jíìmù

Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù yìí mọ́ra láti gbé e kọjá nínú yàrá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọdé lè fi ọwọ́ kan yí i. Ike rírọ̀ ni ara rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí i po kí ó má baà máa yọ̀ lábẹ́ ẹni tó ń làágùn. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, òórùn ike tuntun á gba gbogbo ilé. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á dáhùn pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ bí ìlù tí a kò fà le. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni ìdérí funfun kékeré wà, ó wọlé ṣinṣin sínú ihò afẹ́fẹ́, débi pé ọwọ́ lè kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀.

Ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé e ni ìwà rẹ̀ tó hàn. Á rì díẹ̀ lábẹ́ ìdí, á sì fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì: 45, 55, 65 tàbí 75 sẹ̀ǹtímítà, bí gíga ẹni bá ṣe rí. Èyí tó bá ẹni mu ni èyí tó jẹ́ kí itan tẹ́ gbọọrọ, kí orúnkún ká dáadáa, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sì tẹ ilẹ̀. Ní báyìí, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà á fẹ́ sá lọ sápá òsì, á tún fẹ́ sá lọ sápá ọ̀tún, inú ikùn á sì le fúnra rẹ̀ kí ọkàn tó pàṣẹ. Àwọn iṣan tó rọ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí aga ti sọ di ọ̀lẹ, á jí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú ló gbà dé jíìmù. Ní 1963, Aquilino Cosani, ará Ítálì tó ń ṣe nǹkan oníke, ṣe bọ́ọ̀lù náà jáde. Mary Quinton, fisiotẹ́rápísìtì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Swítsálandì, mú un wọ inú ìtọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Susanne Klein-Vogelbach, tó darí ilé ẹ̀kọ́ àwọn fisiotẹ́rápísìtì ní Basel, fi tọ́jú àwọn àgbà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó lọ wo iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ló sọ ọ́ ní bọ́ọ̀lù Swítsálandì. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ ìtàn yìí, torí pé kíkọ́ ara ní ìdúró ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún.

Iṣẹ́ yẹn náà ló ṣì mọ̀ jù lọ. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lé e láti ká ikùn rí i pé ẹ̀yìn òun tẹ̀ lé ìyípo bọ́ọ̀lù náà, pé ikùn nà ju bó ṣe lè nà lórí ilẹ̀ lọ kó tó ká padà. Ẹni tó bá gbé ìgúnpá méjèèjì lé e, tó na ara tọ́, á gbọ̀n láti èjìká dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí pàápàá máa ń gbé aboyún tó ń rọbí jókòó lé e, kí ó lè máa yí ìbàdí.

Ṣùgbọ́n mìmì yẹn kan náà ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹni. Tí a bá dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ láti ti irin sókè láti àyà, agbára tó yẹ kó lọ sínú irin á máa lọ sínú àtiwà lójú kan. Irin tí a lè gbé sábà máa ń kéré sí ti orí bẹ́ǹṣì. Fífi í ṣe aga ọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́ kò tún wù mí: kò ní ibi ìfẹ̀yìntì, ara á rẹ̀, èèyàn á sì tẹ̀ kòlòbà síwájú bó ṣe máa ń ṣe lórí aga.

Ewu tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ní láti pe bọ́ọ̀lù rẹ̀ bíi mílíọ̀nù 3 padà, torí pé wọ́n lè bẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Francisco García, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún Sacramento Kings, wà lórí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́ nígbà tó bẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Egungun apá rẹ̀ ṣẹ́, oṣù mélòó kan ló sì fi wà nílé. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ṣe báyìí kó lè máa jò díẹ̀díẹ̀ dípò kó bẹ́, àmọ́ ìṣó kékeré tàbí òkúta ṣóńṣó lábẹ́ rẹ̀ ṣì lè ba ọjọ́ jẹ́. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò kí ẹ tó gùn ún. Èyí tó bá sì ti lu, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Ẹ ra òmíràn.